Ṣé Òógùn Máa Ń Gbó?

Àwọn àgbà ló ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Gbogbo wa la mọ òwe yìí dáadáa. A máa ń pa á fún ẹni tí wọ́n jí fóònù rẹ̀ tó wá ra èyí tó dára jù ú lọ. A máa ń pa á fún ẹni tí olólùfẹ́ rẹ̀ já sílẹ̀, kó lè fi tu ara rẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká dá òwe náà dúró lónìí ká bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ta ló bu ẹwà sí ilé ọba? Ta ló po amọ̀? Ta ló gbé e rù? Ta ló gun òkè lọ bo òrùlé? Ọba kọ́ o. Ará ìlú ni, òwe ò kàn dárúkọ wọn ni. Bí ilé tèmi tàbí tìrẹ bá wá jó ńkọ́? Ṣé ẹwà ni yóò bù sí i, àbí wọ́n á ní ká jókòó ká kọ́kọ́ ṣírò bí ògiri wa ṣe gbó tó?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: bí ohun tó ti gbó lọ́wọ́ èèyàn bá bàjẹ́, tí ẹnì kan sì ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, tó ṣèlérí pé òun máa gbà á lọ́wọ́ òfò, kí ni ẹni náà jẹ ẹ́? Ṣé iye ohun tó gbó náà ni, àbí ohun tuntun tó máa dípò rẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ olówó nìyí, pé àwa tí à ń sùn mẹ́fà mẹ́fà nínú yàrá kan ò ní ilé. A máa ní in lágbára Ọlọ́run. Ní 2025, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìnṣọ́ránsì tuntun tó dípò ti 2003. Òfin 2003 yẹn náà ti pàṣẹ pé ilé tí ará ìlú ń wọ̀ tí wọ́n ń jáde, àti ilé tó ju alájà méjì lọ tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n á gbé ìwé wá bá ìwọ náà pé kó o fọwọ́ sí i. Ó dára kó o ti ronú síwájú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí nìyí. Àbúrò ìyá mi kan ń gbé nítòsí Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, yìnyín rọ̀ lé ilé wọn lórí. Kì í ṣe irú yìnyín wẹ́wẹ́ tí à ń ṣà jẹ nígbà tá a wà lọ́mọdé o. Ti ibẹ̀ lè tóbi bí ẹyin adìẹ. Páànù kọ́ ni wọ́n sì fi ń bo ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, shingles ni, ohun kan tó rí pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi ọ̀dà bíi ti ojú títì ṣe, tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí lórí. Yìnyín a máa lù ú títí á fi ya.

Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rán ọkùnrin kan wá. Ó gun òrùlé, ó ya fọ́tò, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìṣirò dé. Kó lè yé wa, mo ti gé ṣẹ́ńjì orí owó náà kúrò. Láti bo òrùlé náà lọ́tun, $18,000. Òrùlé náà ti lo ọdún 12 nínú 20 tí wọ́n kà fún un, nítorí náà wọ́n ní ó ti gbó dé ìdá 60 nínú 100. Wọ́n yọ $10,800. Depreciation ni wọ́n ń pe owó tí wọ́n yọ yìí. Èmi á máa pè é ní owó ogbó. Ó ku $7,200. Ìwé àdéhùn tún sọ pé bó bá jẹ́ yìnyín tàbí ìjì ló ṣe é, onílé fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbé ìdá 2 nínú 100 iye tí wọ́n fi ṣe ìnṣọ́ránsì ilé náà. $250,000 ni wọ́n fi ṣe é, ìdá 2 rẹ̀ sì jẹ́ $5,000. Wọ́n yọ ìyẹn náà. Ó ku $2,200. Ṣẹ́ẹ̀kì tó wọlé nìyẹn.

Àǹtí pe ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún 12 ni mo fi ń san owó wọn. Wọn ò sọ fún mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé owó tí mò ń san ti gbó, kí n dín in kù." Ìyá mi ò rí nǹkan fèsì ju "Ọlọ́run á bá ẹ ṣe é" lọ. Èmi tí mò ń gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Mo gbé e wá sí yàrá wa ní hóstẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan nínú àwọn tá a jọ ń gbé, tó ń kọ́ nípa ìnṣọ́ránsì, fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ, gbọ́ ná. Ká ní olè gbé bàtà rẹ tó ti jẹ nísàlẹ̀ yẹn lọ, ṣé tuntun ni kí n rà fún ẹ? Bí mo bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ fúnra rẹ ni wàá máa gbé bàtà rẹ sẹ́nu ọ̀nà kólè lè rí i gbé." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo wo bàtà mi, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní owó tí iléeṣẹ́ ń san, kì í ṣe inú àpò ọ̀gá wọn ló ti ń wá. Àpò kan ni gbogbo onílé jọ ń dá owó sí. Ẹni tó bá fi òrùlé gbígbó gba òrùlé tuntun, ara owó àwọn yòókù ló ti gbà á, títí kan opó tó wà ní àdúgbò kejì tí yìnyín ò dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ẹ ò rí i pé a ti padà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó gbé amọ̀ ilé ọba? Ẹwà kì í ti ojú ọ̀run já bọ́. Ẹnì kan ló ń rù ú.

Òfin náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1883, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Castellain àti Preston. Àwọn onílé kan ti gbà láti ta ilé wọn ní Liverpool ní £3,100. Kí ọ̀rọ̀ tó parí, iná jó lára ilé náà. Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì san £330 fún wọn. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ra ilé náà san owó wọn pé. Iléeṣẹ́ bá gbà kóòtù lọ, kóòtù sì ní kí wọ́n dá £330 náà padà. Ìdí ni pé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni láti dá èèyàn padà sí ibi tó wà kí òfò tó ṣẹlẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ jèrè nínú iná.

Mo gbà. Mi ò bá kóòtù jà. Ṣùgbọ́n ibo gan-an ni Àǹtí wà kí yìnyín tó rọ̀?

Abẹ́ òrùlé ni wọ́n wà. Òjò ń rọ̀, wọ́n ń sùn. Wọn ò wà lábẹ́ ìdá 40 nínú 100 òrùlé. Òrùlé tó ti lo ọdún 12 tí kò jò, iṣẹ́ tí tuntun ń ṣe lóru òní náà ló ń ṣe. Lóòótọ́, tuntun á pẹ́ jù ú lọ, èrè ọdún 12 ló wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ iwájú ni èrè yẹn wà, òjò sì ń rọ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí bàtà mi. Bí wọ́n bá fún mi ní owó bàtà àlòkù, mo lè lọ sí ọjà kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkìtì, kí n ṣa òmíràn tó gbó bíi tèmi. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Fíríìjì ní tòkunbọ̀, mọ́tò ní tòkunbọ̀, kọ̀ǹpútà ní tòkunbọ̀. Ta ló ń ta òrùlé shingles tó ti lo ọdún 12? Bí wọ́n bá ti ṣí i kúrò lórí ilé, ààtàn ló ń lọ. Ẹni tó bá fún mi ní iye àlòkù níbi tí kò sí àlòkù, owó tí kò lè ra nǹkan kan ló fún mi. Èèyàn ò sì lè kan ìdá 40 òrùlé kó sùn sábẹ́ rẹ̀.

Ẹjọ́ kan tún wà tí inú mi dùn láti gbọ́ nípa rẹ̀. Ní 1928, ní New York, ẹjọ́ McAnarney. Àwọn ilé tí wọ́n kọ́ fún ṣíṣe ọkà tí wọ́n fi ń pọn bíà ló jóná. Àmọ́ láti 1920 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de ọtí, torí náà àwọn ilé náà ò níṣẹ́ mọ́. Onílé ń béèrè iye tí yóò ná an láti tún wọn kọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti gbígbó ògiri. Kóòtù ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò gbígbó ògiri nìkan, kí wọ́n wo gbogbo ohun tó lè fi iye ilé hàn, títí kan ìlò rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dì mú. Bí a bá lè kúrò lórí ògiri lọ wo ìlò nígbà tí ìyẹn máa dín owó onílé kù, kí ló dé tá ò lè wo ìlò nígbà tó máa bù kún un? Ìlò òrùlé Àǹtí ò dín kù lọ́jọ́ tí yìnyín rọ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù nìyí. Nínú $18,000 yẹn, ká sọ pé ìdajì jẹ́ owó shingles àti ìṣó, ìdajì kejì jẹ́ owó iṣẹ́ àwọn tó máa gun òkè nínú oòrùn Texas. Orí gbogbo $18,000 ni iléeṣẹ́ ti yọ ìdá 60. Ìyẹn ni pé ó yọ ọ́ lára òógùn pẹ̀lú! Ká ní orí ohun èlò nìkan ni wọ́n ti yọ ọ́, $5,400 ni wọn ì bá yọ, ṣẹ́ẹ̀kì Àǹtí ì bá sì jẹ́ $7,600 dípò $2,200. Ẹ gbọ́ ná: shingles gbó, mo gbà. Ìṣó dípẹtà, mo gbà. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe, tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣe é, ìgbà wo ló gbó?

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Shingles tuntun náà ò ṣáà tíì gbó." Ó gbá mi mú níbẹ̀ o, mi ò ní purọ́. Bákan náà ni èrò àwọn adájọ́ tó pọ̀ jù ní kóòtù tó ga jù ní Oklahoma, ìpínlẹ̀ tó múlé gbe Texas, nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ Redcorn ní 2002. Wọ́n ní òrùlé kan ṣoṣo ni onílé ní, ohun èlò àti iṣẹ́ ló para pọ̀ di òrùlé, odidi rẹ̀ ló sì ń gbó. Ṣùgbọ́n ní 2013, kóòtù tó ga jù ní Arkansas kọ̀, ó ní wọn ò lè yọ ọ́ lára owó iṣẹ́. Ní California, ìlànà ìjọba lórí ìnṣọ́ránsì sọ pé owó iṣẹ́ kò sí lára ohun tó ń gbó. Ní 2019, ti Tennessee ní bí ìwé àdéhùn ò bá ti sọ ọ́ kedere, kí wọ́n ṣe é bí onílé ṣe fẹ́. Ẹ ò ri pé àwọn adájọ́ gan-an ń bá ara wọn jiyàn.

Èmi lọ wo ilé wa fún ìdáhùn. Ẹ rántí àáró. Mo bá ọ oko lónìí, o máa wá bá mi ro tèmi lọ́jọ́ mìíràn. Bí ọjọ́ náà bá pẹ́ títí, bó di ọdún tó ń bọ̀, odidi ọjọ́ kan ni gbèsè rẹ. O ò lè dé ní ìyálẹ̀ta, kó o ro ebè mẹ́ta, kó o ní gbèsè náà ti gbó. Wọ́n á lé ẹ kúrò nínú ẹgbẹ́ ni! Àwọn bàbá wa mọ̀ pé irè oko lè bàjẹ́, ọkọ́ lè jẹ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ kan, ọjọ́ iṣẹ́ kan ni. Èyí ni ìyàtọ̀ tí mo rí láàárín shingles àti òógùn. A lè fọkàn yàwòrán shingles àlòkù. Òógùn àlòkù ò sí níbì kankan. Káfíńtà tó máa kan òrùlé Àǹtí ò ní gba ìdá 40 nítorí pé òrùlé tó ń ṣí kúrò ti darúgbó.

Ohun kẹta ni ti $10,800 yẹn. Oríṣi ìwé àdéhùn méjì ló wà. Èkíní ń san iye ohun tó gbó, ó parí síbẹ̀. Irú rẹ̀ ni aládùúgbò Àǹtí ní. Èkejì ń san iye tuntun, ṣùgbọ́n kì í san án lẹ́ẹ̀kan náà. Á di owó ogbó mú ná, títí onílé á fi ṣe òrùlé tán, tó mú rìsíìtì wá, láàárín àkókò tí ìwé dá. Irú ti Àǹtí nìyẹn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. $2,200 ló wà lọ́wọ́, $18,000 ni iṣẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ wá $15,800 kí wọ́n tó lè gba $10,800. Ẹni tó lówó ní báńkì á kọ ṣẹ́ẹ̀kì, láìpẹ́ owó rẹ̀ á padà. Ẹni tí kò ní, kò ní lè ṣe òrùlé, àkókò á kọjá, owó náà á di ti iléeṣẹ́. Yìnyín kan náà, ìwé kan náà, owó ọdọọdún kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní tẹ́lẹ̀ nìkan ló gbà á pé. Àǹtí lọ yá owó. Wọ́n gba tiwọn nígbẹ̀yìn, èlé báńkì sì ti bù jẹ níbẹ̀. Tápólì ni aládùúgbò wọn fi bo tirẹ̀.

Iléeṣẹ́ náà ní ìdí tirẹ̀, ká sọ òtítọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gba owó òrùlé tí wọ́n fi ń ra mọ́tò. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kan sì ń bá onílé dìídì yí ìwé kí onílé má bàa san ìpín tirẹ̀, débi pé Texas ṣòfin lé e lórí ní 2019 pé onílé gbọ́dọ̀ san án. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwà jìbìtì là ń sá fún, ṣé iléeṣẹ́ ò lè máa san án díẹ̀díẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ ni? Nílé wa, bí èèyàn ṣe ń kọ́lé nìyẹn: fáńdéṣọ̀n tán, o sanwó, ògiri tán, o sanwó. Kò sídìí tí ẹni tí òjò ń pa fi máa kọ́kọ́ dá iléeṣẹ́ lówó.

Ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀rọ̀ kan kù. Ó ní ìwé tó ń san iye àlòkù máa ń dínwó ju èkejì lọ, ẹni tó bá sì ra olówó pọ́ọ́kú kó má ráhùn. Òótọ́ ni, bí ẹni náà bá mọ ohun tó rà. Ìlérí tí wọ́n sọ sókè nígbà tí wọ́n ń polówó, tí wọ́n wá fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ gbà padà ní ojú ìwé kejìlélógójì, kì í ṣe ìlérí tó dọ́gba. Lẹ́yìn tí àwọn kóòtù kan ti kọ yíyọ owó iṣẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ṣe ni pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn á máa yọ ọ́. Wọ́n wà lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n kéèyàn wà lábẹ́ òfin àti kéèyàn ṣe ẹ̀tọ́, ọ̀nà wọn máa ń pínyà nígbà mìíràn.

Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mi ò ní kí iléeṣẹ́ sanwó fún ìtàn tó wà lára àkísà ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n yọ owó ogbó lára ohun tó gbó, mo fara mọ́ ọn, nítorí opó àdúgbò kejì. Kí wọ́n má yọ ọ́ lára iṣẹ́ tí wọn ò tíì ṣe. Níbi tí kò bá sí àlòkù lọ́jà, kí wọ́n sọ fún onílé lójú ara rẹ̀, kó tó sanwó, pé owó tóun máa rí gbà ò ní ká òrùlé kankan. Kí wọ́n má sì sọ owó tó tọ́ sí onílé di ohun tí olówó nìkan lè rí gbà.

Bí ìwé tìrẹ bá dé lọ́jọ́ kan, béèrè mẹ́ta yìí kó o tó fọwọ́ sí i: ṣé iye tuntun ni wọ́n máa san àbí iye àlòkù? Ṣé wọ́n ń yọ ọ́ lára owó iṣẹ́? Ìgbà wo ni wọ́n máa tú èyí tí wọ́n dì mú sílẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi ṣì ní mi ò mọ ìṣirò. Ó ti ṣèlérí láti kọ èsì sínú ìwé wa tó ń bọ̀. Mò ń retí rẹ̀, kó má sì yọ owó ogbó lára ọ̀rọ̀ mi o.